Ohun Tó Wà Lẹ́yìn Táǹkì

Ọdún mọ́kànlá ni èmi àti àbúrò mi fi ṣiṣẹ́ nínú ọgbà kan náà láì bá ara wa sọ̀rọ̀. Kì í ṣe pé a kì í rí ara wa. Bí mo bá ń wọlé láàárọ̀, òun náà ń wọlé. Bí mo bá ń fọwọ́ lẹ́nu ẹ̀rọ omi, òun ló máa ń wà lẹ́yìn mi tó ń dúró de ọṣẹ. Bí ọ̀rọ̀ bá pọn dandan, a máa ń wá ẹni kẹta. Màá sọ fún ẹni tó bá wà nítòsí pé, "Ẹ bá mi sọ fún ẹni yẹn pé Màmá ní kó mú oògùn ẹsẹ̀ òun bọ̀." Ẹni náà á yíjú sí i, á tún ọ̀rọ̀ náà sọ. Àbúrò mi, tó ti gbọ́ ọ lẹ́nu mi, á mi orí bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́ ọ, á ní, "Ẹ bá mi sọ fún wọn pé mo ti rà á." Bí kò bá sí ẹni kẹta, a máa ń bá nǹkan sọ̀rọ̀. Mo ti bá ilẹ̀kùn sọ̀rọ̀ rí. Mo ti bá ìgbálẹ̀ sọ̀rọ̀ rí. Àbúrò mi ti fi kọ́bọ́ọ̀dù kí mi kú ọdún rí, mo sì ní kí kọ́bọ́ọ̀dù bá mi kí i padà.

Ilé-iṣẹ́ ọtí ẹlẹ́rìndòdò ni ilé-iṣẹ́ wa. Ìgò òfìfo tí àwọn èèyàn ti mu tán ló ń padà sọ́dọ̀ wa. Ẹ̀rọ á fọ̀ ọ́, bẹ́líìtì á gbé e kọjá níwájú mi kó tó lọ síbi tí wọ́n ti ń rọ ọtí sí i. Iṣẹ́ tèmi ni kí n wo ìgò. Orí àga gíga ni mo ń jókòó sí, pátákó funfun kan tí iná wà nínú rẹ̀ wà lódìkejì bẹ́líìtì, ìgò á sì máa kọjá láàárín èmi àti ìmọ́lẹ̀. Èyí tó bá dọ̀tí, èyí tó bá sán, èyí tí aáyán kú sí, èyí tí ẹnì kan ki ìdí sìgá bọ̀, mo gbọ́dọ̀ yọ ọ́. Ọgọ́ta ìgò ní ìṣẹ́jú kan. Ojú-Ò-Fò ni wọ́n ń pè mí níbẹ̀. Èmi kọ́ ni mo sọ ara mi bẹ́ẹ̀.

Àbúrò mi ló ń wa ọkọ̀ kékeré aláwọ̀ yẹ́lò tó ń kó ẹrù láti ilé ìkẹ́rùsí lọ sẹ́nu ọ̀nà. Irin gígùn méjì ló yọ síta níwájú rẹ̀. Fọ́ọ̀kì ni gbogbo wa ń pè é, torí ó jọ èyí tí a fi ń jẹun, àfi pé oúnjẹ tiẹ̀ wúwo.

Ohun tó dá ìjà sílẹ̀ rèé, màá sì sọ ọ́ bó ṣe rí. Lọ́dún mọ́kànlá sẹ́yìn, ilé-iṣẹ́ fún mi ní kẹ̀kẹ́ tuntun, torí pé odidi ọdún kan kọjá láìsí ìgò burúkú kan tó bọ́ lọ́wọ́ mi. Kẹ̀kẹ́ aláwọ̀ ewé, ọ̀rá ṣì wà lórí àga rẹ̀. Mo gbé e ti ẹ̀gbẹ́ táǹkì omi ńlá tó wà láàárín ọgbà. Lára táǹkì yẹn ni wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ àwọn òfin ọgbà sí, gàdàgbà-gàdàgbà: ẹ má sáré, ẹ má gbé nǹkan síbí, ẹ má tọ̀ síbí, ẹni tí a bá mú ń lọ sílé. Mo bu omi tíì mi nídìí táǹkì, mo gun òkè lọ sí yàrá ìsinmi, mo jókòó sẹ́nu fèrèsé, mo ń mu tíì, mo sì ń wo kẹ̀kẹ́ mi. Ta ni kì í wo ohun rere tó bá jẹ́ tirẹ̀?

Ni mo bá rí fọ́ọ̀kì àbúrò mi tó ń bọ̀ láti ọwọ́ òsì. Òun ni, torí ó gbójú sókè, ó ju ọwọ́ sí mi. Ó wọ ẹ̀yìn táǹkì. Táǹkì bò ó mọ́ mi lójú fún ìwọ̀n ìgbà tí èèyàn fi ń ka ení, èjì. Mi ò yíjú. Mi ò tiẹ̀ gbé ife sẹ́nu. Fọ́ọ̀kì jáde ní ọwọ́ ọ̀tún, eré kan náà, akoto yẹ́lò kan náà, ó gun kẹ̀kẹ́ mi mọ́lẹ̀, ó ń bá tiẹ̀ lọ. Kò bojú wẹ̀yìn.

Kí n tó sọ̀ kalẹ̀, kẹ̀kẹ́ ti pẹlẹbẹ bí ìwé. Àbúrò mi ti débẹ̀ ṣáájú mi, ó káwọ́ lérí, ó ń wò ó. Mo bi í pé kí ni mo fi ṣe é. Ó ní òun kọ́. Ó ní òun dúró lẹ́yìn táǹkì, pé Kíákíá ló yọ láti ẹnu ilẹ̀kùn ilé ìkẹ́rùsí tó wà lẹ́yìn ibẹ̀. Kíákíá ni ẹni tó ń wa fọ́ọ̀kì kejì, orúkọ rẹ̀ sì rò ó. Mo bi àbúrò mi pé kí ló dúró ṣe lẹ́yìn táǹkì. Ó wolẹ̀. Mo tún bi í. Ó ní òun kàn dúró ni. A pe Kíákíá, Kíákíá ní inú ilé ìkẹ́rùsí lòun wà látàárọ̀, òun ò tíì fojú kan oòrùn. Oṣù tó tẹ̀ lé e ló fiṣẹ́ sílẹ̀, a ò sì gbúròó rẹ̀ mọ́.

Ẹ gbé e yẹ̀wò. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kó máa wo ohun tó ń kọjá, ó rí ohun tó kọjá. Ẹni tí wọ́n bi pé kí lo ń ṣe, ó ń wolẹ̀. Mo ní kó tọrọ àforíjì. Ó ní òun ò lè tọrọ àforíjì ohun tí òun ò ṣe. Mo ní ó dáa. Ọdún mọ́kànlá ni "ó dáa" yẹn gbà.

Màmá wa ò dá sí i púpọ̀ lákọ̀ọ́kọ́. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n bi mí, pé kí ló gbé kẹ̀kẹ́ dé ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé kí ẹnikẹ́ni má gbé nǹkan sí. Mo sọ fún wọn pé ọ̀rọ̀ ìkọ̀wé kọ́ là ń sọ.

Báyìí la wà títí di ọjọ́ Ajé kan báyìí, tí wọ́n lẹ ìwé mọ́ ara pátákó ìkéde. Ilé-iṣẹ́ ṣí ẹ̀ka tuntun sí ìlú mìíràn, ìrìn ọjọ́ kan àtààbọ̀, wọ́n sì ń gbé àbúrò mi lọ síbẹ̀ láti máa kọ́ àwọn awakọ̀ tuntun. Ọjọ́ Ẹtì ni iṣẹ́ rẹ̀ parí lọ́dọ̀ wa. Sátidé ló ń lọ, kì í sì í ṣe ìrìn àlọ-àbọ̀.

Oṣù kan-kan ni Màmá máa ń gbé lọ́dọ̀ wa, oṣù yìí lọ́dọ̀ mi, oṣù tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ àbúrò mi, wọ́n á máa gbé báàgì wọn káàkiri bí òṣìṣẹ́ ìjọba. Lọ́dọ̀ mi ni wọ́n wà lọ́sẹ̀ yẹn. Nígbà tí mo wọlé, wọ́n ti gbọ́. Wọ́n ní kí n jókòó.

"Ọkọ mi," wọ́n ní, "bí mo bá kú, ta lẹ máa fi ṣe ògbufọ̀ tẹ́ ẹ bá fẹ́ pín ìkòkò mi? Ilẹ̀kùn?"

Mo ní àbúrò mi mọ ohun tó yẹ kó sọ. Mo ní gbólóhùn kan péré ni, kò sì pẹ́ jù fún un.

"Ọdún mọ́kànlá lo ti ń ṣọ́ kẹ̀kẹ́ tí kò sí níbẹ̀ mọ́," wọ́n ní. "Ẹ ò rí iṣẹ́."

Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín láti ilé ìdáná. Mi ò lè jẹun tán lọ́jọ́ yẹn. Nínú gbogbo ọdún tí mo fi bínú, ibi tí mo ti lè rí ẹni tí mò ń bínú sí ni mo ti ń bínú. Ó rọrùn bẹ́ẹ̀. Mi ò tíì bínú sí ẹni tó wà ní ìrìn ọjọ́ kan àtààbọ̀ rí, mi ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ọmọbìnrin àbúrò mi wá kí Màmá. Àwọn ọmọ ò sí nínú ìjà wa, kò sì sí ìgbà tí ọmọ yìí ò wọlé mi. Yunifásítì ló wà, ẹ̀kọ́ ojú àti ọpọlọ ló ń kọ́, bí ohun tí ojú rí ṣe ń dé inú orí. Èmi tí mo fi ilé-ìwé sílẹ̀ ní kíláàsì kẹrin, mo ti sọ fún un rí pé mo ti mọ èyí láìkà á: ojú máa ń rí i, orí máa ń gbà á, ó parí. Lọ́jọ́ yẹn, ó gbé páálí bàtà kan dání. Ó ti gé ihò sí ìhín àti ọ̀hún. Ó gbé e sórí tábìlì oúnjẹ wa.

"Bàbá àgbà," ó ní, bó ṣe máa ń pe èmi ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, "ẹ̀yin lẹ lójú jù nínú ẹbí wa. Ẹ bá mi wo nǹkan."

Mo mọ̀ pé ó ń tù mí nínú kó tó fi abẹ́rẹ́ gún mi ni, ṣùgbọ́n mo jókòó. Ó yí bọ́ọ̀lù kékeré kan, ó wọ ihò àkọ́kọ́. Lójú ẹsẹ̀, ó yọ nínú ihò kejì, ó yí dé iwájú mi. Ó bi mí pé kí ni mo rí. Mo ní bọ́ọ̀lù pupa ló wọlé, ó sì di àwọ̀ ewé nínú ibẹ̀. Ó ní bọ́ọ̀lù mélòó? Mo ní ọ̀kan. Ó ní ṣé ó dá mi lójú? Mo ní ṣé ojú ẹlòmíì ni mo fi wò ó ni?

Ó ṣí páálí. Bọ́ọ̀lù pupa jókòó sórí òwú nínú ibẹ̀, kò lọ síbì kankan. Bọ́ọ̀lù aláwọ̀ ewé ti wà nínú ibẹ̀ tẹ́lẹ̀, okùn kan ló fi dì í mú. Màmá rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń wá aṣọ ìnujú.

Mo ní ẹ̀tàn ni. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀tàn ni, ṣùgbọ́n ó ní ní báyìí tí mo ti mọ ẹ̀tàn náà, kí n tún wò ó. Ó tún yí i. Mo mọ̀ pé méjì ni. Mo tẹjú mọ́ ọn. Olúwa ló mọ̀ pé ojú mi tún rí bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo tó wọlé, tó pààrọ̀ aṣọ, tó jáde. Ó bi mí pé mélòó ni mo rí báyìí. Mo ní méjì. Irọ́ ni mo pa.

"Ojú ò rí ẹ̀yìn páálí, Bàbá àgbà," ó ní. "Ọpọlọ ló ń bá a parí rẹ̀. Ó ti wo eré tí nǹkan fi wọlé, ó ti mọ ìgbà tó yẹ kó jáde. Ohun tó bá ti jáde lásìkò yẹn, á ní òun náà nìyẹn. Kì í bèèrè orúkọ."

Ó ní kì í ṣe àbùkù. Ó ní bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹnikẹ́ni ò ní lè sọdá títì, torí gbogbo ọkọ̀ tó bá gba ẹ̀yìn igi kọjá máa dà bí ọkọ̀ tuntun lójú wa. Ó tún ní ìgbà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó kéré tán, ni mo ń ṣẹ́jú láàárín ìṣẹ́jú kan, gbogbo ìgbà tí mo bá sì ṣẹ́jú, òkùnkùn ni. Ó bi mí pé ṣé mo ti rí òkùnkùn yẹn rí. Mo sọ fún un pé ojú tèmi kì í ṣẹ́ bó bá wà lẹ́nu iṣẹ́.

Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, "Ó dáa." Inú bàbá rẹ̀ ni ọmọ yìí ti jáde lóòótọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ Rú, mo dúró níwájú dígí láti mú ojú mi níbi tó bá ti ń ṣẹ́. Mo tẹjú. Mo dúró. Mo mọ̀ pé ó ń ṣẹ́, torí omi ń bọ́ lójú mi tí mi ò bá jẹ́ kó ṣẹ́, ṣùgbọ́n ní gbogbo ìgbà tí mo bá wò ó, ṣíṣí ni mo ń bá a. Ìyàwó mi bi mí pé ṣé nǹkan kó sí mi lójú ni. Mo ní olè kan ni mò ń ṣọ́. Màmá gbọ́ láti yàrá. Wọ́n ní bí olè bá jẹ́ onílé, kò sẹ́ni tó lè mú un.

Mo kúrò nílé pẹ̀lú ìbínú, mo sì pinnu pé màá fi hàn wọ́n pé ojú orí tábìlì oúnjẹ yàtọ̀ sí ojú ẹnu iṣẹ́.

Òpó irin kan wà láàárín àga mi àti bẹ́líìtì, lápá òsì tí ìgò ti ń bọ̀. Kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Gbogbo ìgò ló ń gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá kó tó dé iwájú ìmọ́lẹ̀. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti jókòó síbẹ̀, bí ẹ bá sì ti bi mí lọ́jọ́ kan ṣáájú pé ṣé òpó kan wà níwájú mi, màá ní rárá. Mo mú ìgò kan tí ẹnu rẹ̀ sán díẹ̀, bí èékánná ọmọ ọwọ́. Mo so òwú pupa mọ́ ọn lọ́rùn. Mo gbé e fún obìnrin tó ń ṣọ́ ẹ̀rọ ìfọgò, mo ní kó tò ó sáàárín àwọn yòókù, mo sì lọ jókòó. Ohun tí mo fẹ́ kò ju pé kí n tẹ̀ lé ìgò kan ṣoṣo láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí n sì lọ sọ nílé pé òpó ò dí mi lọ́wọ́.

Òwú pupa ń bọ̀. Mo gbé ojú lé e. Ó wọ ẹ̀yìn òpó. Ìgò náà jáde. Kò sí òwú lọ́rùn rẹ̀.

Lójú ẹsẹ̀ ni orí mi sọ fún mi pé òwú ti já. Kò ṣiyèméjì, bí ẹni ń kà á nínú ìwé ló ṣe sọ ọ́. Mo já ìgò náà gbà lórí bẹ́líìtì, mo wo ẹnu rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ pé. Orí mi tún sọ fún mi pé kò fi bẹ́ẹ̀ sán tẹ́lẹ̀. Mo bẹ ẹnì kan pé kó bá mi di àga mú, mo fi orúnkún kúnlẹ̀ sábẹ́ bẹ́líìtì, mo ń wá òwú.

Ibẹ̀ ni ọ̀gá tó ń tún ẹ̀rọ ṣe ti bá mi. Ó ní, "Ojú-Ò-Fò, kí lẹ ń wá?" Mo ní òwú pupa. Ó bi mí pé ọrùn ìgò ló wà? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní ẹnu ìgò yẹn ńkọ́, ṣé ó sán? Mo ní báwo ló ṣe mọ̀. Ó fà mí lọ́wọ́ lọ sẹ́yìn òpó.

Ọwọ́ irin kékeré kan wà níbẹ̀. Ó ń fọwọ́ kan ẹnu ìgò kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń kọjá. Èyí tí ẹnu rẹ̀ ò bá pé, á gbá a sínú àpótí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, á sì ti òmíràn láti ọ̀nà kejì bọ́ sí àyè rẹ̀, kí bẹ́líìtì má baà ní àlàfo. Ọ̀gá ní ó ti pé ọdún méje tí òun ti so ó síbẹ̀. Ó ní èmi náà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, pé èmi gan-an ni mo bá òun di tọ́ọ̀ṣì mú. Mo bẹ̀rẹ̀ wo inú àpótí. Ìgò mi wà níbẹ̀ pẹ̀lú òwú pupa lọ́rùn, ó jókòó jẹ́ẹ́ bí ọmọ tí wọ́n gbàgbé sílé-ìwé.

Ọdún méje. Ọlọ́run nìkan ló mọ iye ìgò tí mo ti fojú sìn wọ ẹ̀yìn òpó yẹn, tí mo sì fojú gba ẹlòmíì jáde. Mo tú òwú náà, mo fi í sápò. Mo padà sórí àga. Ní gbogbo ọ̀sán yẹn, ìgò ń wọ ẹ̀yìn òpó, ìgò ń jáde, ojú mi sì ń sọ fún mi pé ọ̀kan náà ni. Ohun tó ń dùn mí kì í ṣe ìgò.

Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni nílé. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́bọ̀, mo pe ọmọ àbúrò mi. Mo ní kó bá mi sọ fún bàbá rẹ̀ pé lọ́jọ́ Ẹtì, lásìkò ìsinmi, kó wa fọ́ọ̀kì rẹ̀ wọ ẹ̀yìn táǹkì bó ṣe wà á lọ́jọ́ yẹn, kó dúró bó ṣe ní òun dúró, kí awakọ̀ tuntun tó ń gba ipò rẹ̀ sì jáde láti ilé ìkẹ́rùsí. Mo ní mo fẹ́ fojú ara mi rí i. Ó lọ, ó bọ̀. Ó ní bàbá òun ní kí òun bi mí pé ṣé mo máa gbé kẹ̀kẹ́ mìíràn síbẹ̀ ni. Mo ní páálí òfìfo ni màá gbé síbẹ̀. Ó tún lọ, ó tún bọ̀. Ó ní bàbá òun ní ó dáa.

Nígbà tó fi di ọjọ́ Ẹtì, kò sí ẹni tí ò gbọ́ nínú ọgbà. Yàrá ìsinmi kún. Obìnrin tó ń ṣọ́ ẹ̀rọ ìfọgò ti mú àga wá láti ìsàlẹ̀. Àwọn kan ní èmi ni mo jàre, àwọn kan ní àbúrò mi ni, ẹnì kan sì ní òun ò mọ ohun tí à ń jà lé lórí ṣùgbọ́n òun ò fẹ́ kó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn òun. Mo jókòó sẹ́nu fèrèsé kan náà. Mo bu tíì.

Fọ́ọ̀kì yọ láti ọwọ́ òsì. Àbúrò mi gbójú sókè. Kò juwọ́. Ó wọ ẹ̀yìn táǹkì.

Ení. Èjì.

Fọ́ọ̀kì jáde ní ọwọ́ ọ̀tún, eré kan náà, akoto kan náà, ó gun páálí mọ́lẹ̀, ó lọ. Èmi ni mo ṣètò rẹ̀. Mo mọ orúkọ ẹni tó wà lórí rẹ̀. Ọmọ tuntun ni, ẹni ọgbọ̀n ọdún, ó sì ga ju àbúrò mi lọ. Síbẹ̀ ojú mi sọ fún mi pé àbúrò mi ni. Bí wọ́n bá fún mi ní ìwé láti búra lákòókò yẹn, màá búra. Mo gbọ́ tí obìnrin ìfọgò náà sọ lẹ́yìn mi pé, "Òun náà mà ni," ó sì fọwọ́ bo ẹnu.

Ẹ̀ta. Ẹ̀rin. Àrùn-ún. Nígbà tí mo ka ẹ̀jọ, àbúrò mi fẹsẹ̀ rìn jáde láti ẹ̀yìn táǹkì, akoto rẹ̀ wà lọ́wọ́. Ó wo páálí. Ó wo fèrèsé. Orí rẹ̀ ti pá láàárín, mi ò sì mọ̀, torí ọdún mọ́kànlá ni mi ò ti wò ó tààrà.

Mo sọ̀ kalẹ̀. Àwọn èèyàn fẹ́ tẹ̀ lé mi, obìnrin ìfọgò náà ní kí wọ́n jókòó. Èmi àti òun nìkan ló wà nídìí táǹkì. Mo ya ẹnu. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bá táǹkì sọ̀rọ̀, ó ti wà lẹ́nu mi pé "Táǹkì, bá mi bi í." Mo gbé e mì.

Mo ní, "Kí lo ń ṣe lẹ́yìn ibẹ̀ lọ́jọ́ yẹn?"

Ó wolẹ̀, gẹ́gẹ́ bíi ti ọjọ́ kìíní. Lẹ́yìn náà ó gbójú sókè, ó wo ọ́fíìsì ọ̀gá, ó wo òfin tí wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ sára táǹkì. Ó wá dà bí ẹni rántí pé òun kì í ṣe òṣìṣẹ́ ọgbà yìí mọ́ láti aago mẹ́rin ọ̀sán ọjọ́ náà.

"Bọ̀ọ̀dá mi," ó ní, "mò ń tọ̀ ni."

Mo wo òfin náà. Ẹ má tọ̀ síbí, ẹni tí a bá mú ń lọ sílé. Kì í ṣe ìkìlọ̀ lásán, wọ́n ti lé èèyàn méjì lọ sílé lórí rẹ̀ lọ́dún kẹ̀kẹ́ yẹn.

Ó ní ìyàwó òun ṣẹ̀ṣẹ̀ fi iṣẹ́ sílẹ̀ nígbà náà, ọmọ sì ń bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé. Ó ní bí òun bá sọ fún mi, màá pariwo rẹ̀ fún gbogbo ọgbà níbi tí mo ti ń ṣe ẹjọ́ kẹ̀kẹ́. Mo fẹ́ sọ pé rárá, ṣùgbọ́n mo rántí ẹni tí mo jẹ́ lọ́jọ́ yẹn pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ pẹlẹbẹ lọ́wọ́.

"Ṣé o wá rò pé ó yẹ kí ọdún mọ́kànlá kọjá?" mo ní.

"Mo rò pé ọ̀sẹ̀ kan ni," ó ní. "Ọ̀sẹ̀ kan ni mo fún yín. Ìgbà tó di oṣù mẹ́ta, ojú ń tì mí láti sọ pé ọ̀rọ̀ ìtọ̀ ni."

Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu mi, mo dì í mú. Mo ti ọwọ́ bọ àpò, mo bá òwú pupa níbẹ̀. Mo nà án sí i. Ó bi mí pé kí ni. Mo sọ ọ̀rọ̀ ìgò fún un, gbogbo rẹ̀, títí dé orí ìkúnlẹ̀ mi lábẹ́ bẹ́líìtì. Nígbà tí mo fi dé ibi tọ́ọ̀ṣì, ó ti fara ti táǹkì, èjìká rẹ̀ ń mì. Mo ní kó yé rẹ́rìn-ín, torí mo fẹ́ sọ ohun kan tí mi ò ní tún sọ.

"Kì í ṣe ìwọ," mo ní. "Kì í sì í ṣe ojú mi. Ọpọlọ mi ni."

Ó ní òun gbà fún ọpọlọ náà. Ó ní òun dárí jì í.

Ibi tí a dúró sí, ẹ̀rọ omi tí a ti ń bu omi tíì wà níwájú mi, nísàlẹ̀ táǹkì, kò ju ìgbésẹ̀ méjì lọ sí ẹ̀yìn ibẹ̀. Mo wò ó. Mo wo ife tí mo ṣì dì mú. Ìrònú kan wọ inú mi, ó sì jáde ní ìhà kejì láìpààrọ̀ aṣọ.

"Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni, àbí?" mo bi í.

Àbúrò mi wolẹ̀ fún ìgbà kẹta.

Ó lọ lọ́jọ́ Sátidé. Mo gbé báàgì rẹ̀ dé inú ọkọ̀, ṣùgbọ́n mi ò bá a sọ ju ohun tó yẹ lọ, torí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ omi yẹn wà lọ́kàn mi. Màmá ní kí ló tún dé. Mo ní ẹjọ́ tuntun ni.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ajé, lásìkò tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ bàtà, fóònù dún. Ìyàwó mi gbé e, ó tẹ́tí, ó yíjú sí mi, ó ní àbúrò mi ni, ó ti débẹ̀ láyọ̀. Ó ti wà lẹ́nu mi pé kó bá mi sọ fún ẹni yẹn. Màmá ń wò mí láti orí àga wọn, wọn ò ṣẹ́jú.

Mo gba fóònù.

"Ọ̀rọ̀ omi tíì yẹn," mo ní, "a ò tíì parí rẹ̀."